Ohùn Ni Okùn Kejì Nínú Kànga

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní yunifásítì, Ìbùkún lorúkọ rẹ̀. Òun ló kó mi sí wàhálà tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ìjọ àwọn ń wá àgbàlagbà tó máa sọ fún wọn bí èèyàn ṣe ń mọ iṣẹ́ tí Ọlọ́run pè é sí.

Mo ní, "Ìbùkún, ta ló sọ fún ọ pé Ọlọ́run pè mí síṣẹ́? Ìyá mi ló pè mí. Àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí ló pè mí, ó ní kí n dìde lórí ẹní, ọ̀gá tí màá kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ti wà níta."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá Wòlíì, ẹ ṣáà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó pè mí? Wòlíì! Èmi tí mi ò rí ìran rí, àfi èyí tí mo bá rí nígbà tí ibà bá dá mi dùbúlẹ̀. Bọ̀dé lorúkọ tí bàbá mi sọ mí. Kànga ni mo gbẹ́ jẹun, láti ìgbà tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n mi títí di ìgbà tí eékún mi sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀rù ló sọ mí di Wòlíì, ẹ̀rù lásán-làsàn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó síbi kan kó máa rò pé ẹni mímọ́ ló ń bá òun sọ̀rọ̀.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ ò ní ìtàn nínú. Mo ka ìwé mẹ́fà, bàbá mi kú, ìwé parí. Owó tí mo rí nídìí iṣẹ́ náà, mo ti jẹ ẹ́, àwọn ọmọ mi náà ti jẹ nínú ẹ̀. Ó tán.

Ọ̀gá mi ni ìtàn. Bàbá Rábíù la máa ń pè é, ní àdúgbò Ìrẹmọ. Mùsùlùmí gidi ni. Kì í gbé dígà láìsọ pé Bísímílà, kì í sì í gbé e sílẹ̀ láìdúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àárín méjèèjì ló ti máa ń bú wa. Ó lè bú èèyàn láti ìrun àárọ̀ dé ìrun ọ̀sán láìtún èébú kan sọ lẹ́ẹ̀mejì. Bó o bá gbé ṣọ́bìrì kọ́ èjìká bí ẹni tó ń lọ sóde, á ní, "Ọkọ ìyàwó, ẹ kú ìnáwó." Bó o bá tẹ ẹnu kànga níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, á ti fi igi gbá ọ lẹ́sẹ̀ kó o tó mọ ohun tó o ṣe.

Kò sí ibi tí Bàbá Rábíù máa ń fa ìlà róbótó ẹnu kànga sí láìkọ́kọ́ pe ẹni tó dàgbà jù ní agbo ilé náà. Ẹ̀yin náà mọ ìlú wa. Inú ilé la ń sin àgbà sí. Á wá kúnlẹ̀ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ sin, níbo lẹ sin ín sí?" Ibẹ̀ nìjà á ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan á ní, "Bàbá àgbà wà lábẹ́ pálọ̀." Òmíràn á ní, "Irọ́! Ìdí igi ọsàn ni. Ìwọ ò tíì wọlé wa nígbà yẹn, ìyàwó ni ọ́." Wọ́n á jà, wọ́n á tú àṣírí ara wọn, àwa á jókòó sórí péèlì, a ó máa wò wọ́n. Bí wọn ò bá fẹnu kò, ọ̀gá mi ò ní gbẹ́. Bí a bá sì ti ń gbẹ́, tí a kan àpáàdì tí àwọn ará àtijọ́ tò lẹ́gbẹ̀ẹ́lẹ́gbẹ̀ẹ́ sínú ilẹ̀, a ó dá ọwọ́ dúró, a ó gòkè, a ó tún lọ kí àgbà ilé. Ilé-Ifẹ̀ ni. Kò sí ibi tó o gbẹ́ tí ẹnìkan ò ti dé ṣáájú rẹ.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú kànga, a ó kọ́kọ́ sọ àtùpà tí a tàn kalẹ̀ pẹ̀lú okùn. Bó bá kú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ti èèyàn nìyẹn. A ó wá so ẹ̀ka igi eléwé púpọ̀ mọ́ okùn, a ó máa jù ú sọ́kalẹ̀, a ó máa fà á sókè, bí ẹni ń ro ọkà, títí afẹ́fẹ́ búburú á fi jáde. A ó tún sọ àtùpà kalẹ̀. Ìgbà tó bá ń jó láìkú la tó máa so okùn mọ́ abẹ́ apá ẹni tó ń wọlé.

Èyí tó wá dé mi lọ́rùn nìyí. Bàbá Rábíù ní, "Okùn kan wà lábẹ́ apá rẹ, ohùn rẹ ni okùn kejì. Máa sọ̀rọ̀. Bó o bá dákẹ́, màá fà ọ́. Bó bá jẹ́ pé ńṣe lo kàn ń sinmi, wàá gòkè wá sinmi dọ̀la."

Ẹ gbà mí. Èmi tí ẹ̀rù òkùnkùn ń bà nínú yàrá ìyá mi! Wọ́n sọ mí sínú ihò, ojú ọ̀run kù bí àwo ìmumi, wọ́n wá ní kí n máa ṣeré ọ̀rọ̀. Ọmọ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, Láyí, kò níṣòro. Kò bẹ̀rù ohunkóhun. Bí Láyí bá wà nísàlẹ̀, ńṣe ló máa ń bú gbogbo ẹni tó wà lókè, títí kan ọ̀gá, nítorí ó mọ̀ pé okùn ni wọ́n dì mú, wọn ò lè jù ú sílẹ̀ kí wọ́n wá gbá a létí. "Bàbá Rábíù, irùngbọ̀n yín dà bí ìgbálẹ̀ tó ti gbó!" Àwa lókè á máa rẹ́rìn-ín títí okùn á fi fẹ́ bọ́. Ọ̀gá pàápàá á yíjú kúrò kí a má baà rí eyín rẹ̀.

Èmi ò lè bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó kù tí mo lè ṣe ni orin, orin ìjọ tí mo mọ̀ náà sì rèé, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni mo mọ̀ nínú gbogbo wọn. Mo wá ṣe tèmi:

"Olúwa, mo wà nísàlẹ̀,
Má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé mi.
Okùn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn,
Èmi wà lọ́wọ́ Rẹ."

Kì í ṣe orin ìyìn. Ẹ̀bẹ̀ ni. Mo máa ń kọ ọ́ bí ajá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo wá di Wòlíì, agbo ilé kan ni, wọ́n ti jà tán lórí ibi tí wọ́n sin bàbá wọn sí, wọ́n ti fẹnu kò. Mo wà nísàlẹ̀, mo ń gbẹ́, mo ń kọrin. Dígà mi dún gbì lórí igi. Igi, nínú ilẹ̀! Mo fọwọ́ pa á: ó yọ̀, ó gùn, ó yípo. Ọkàn mi sọ fún mi pé Bàbá Onílé nìyí nínú pósí rẹ̀, pé mo ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ará yín yìí bú sígbe. Mo kígbe Jésù, mo kígbe Ẹ̀mí Mímọ́, mo kígbe àwọn áńgẹ́lì tí mo mọ orúkọ wọn, mo sì ṣe orúkọ fún àwọn tí mi ò mọ̀. Mo bẹ bàbá náà pé kó má bínú, pé àwọn ọmọ rẹ̀ ló purọ́. Gbogbo agbo ilé ti pé sẹ́nu kànga. Obìnrin kan wólẹ̀, ó ní Ẹ̀mí ti bà lé ọmọ náà. Òmíràn ń sunkún ẹ̀ṣẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fà mí jáde, Láyí wọlé lọ wò ó. Ó pẹ́ díẹ̀, a wá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: "Ẹ kí Wòlíì! Ẹ sọ fún un pé odó ni!" Odó àtijọ́ kan ni, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́? Àwọn obìnrin yẹn ti gbé ìròyìn lọ. Kí ọjọ́ ìsinmi tó dé, ìjọ wa ti gbọ́, alàgbà kan sì ti fi mí sínú ẹgbẹ́ aládùúrà. Mo ní odó ni. Wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ ló ń jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà lọ, bí mo bá ń gbẹ́ kànga, aláìsàn á wà lẹ́nu ẹ̀, ẹni tó ń wá ọmọ á wà níbẹ̀, wọ́n á tẹ́tí sílẹ̀ sí orin mi. Ó sú mi. Mo gbààwẹ̀ sí ẹ̀rù yìí, ẹ gbọ́ ná, mo gbààwẹ̀! Mo ní kí Ọlọ́run mú un kúrò kí n lè di èèyàn bíi Láyí. Ààwẹ̀ parí, ebi pa mí, ẹ̀rù ṣì wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ sanra sí i.

Ọdún ń gorí ọdún. Èmi àti Láyí gba òmìnira, a di ọ̀gá tara wa, a jọ ń ṣiṣẹ́. Àbúrò Láyí, Fẹ́mi, wá dara pọ̀ mọ́ wa, òun ló ń fa okùn lókè. Irinṣẹ́ náà ń yí padà. Garawa tó máa ń wúwo lọ, péèlì tí wọ́n fi táyà mọ́tò ṣe dé. Ríǹgì kóńkéré dé, ilẹ̀ ò wó mọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ńjìnnì tó ń fa omi dé, gbogbo ayé sì ní ìgbàlà ti dé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fetí sílẹ̀ níbí, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ń dún bí ìtẹ̀síwájú ni ìtẹ̀síwájú.

Ọkùnrin kan ń kọ́lé tuntun, ó ti dá ọjọ́ ìṣílé, kànga rẹ̀ ò sì tíì jinlẹ̀ tó. Omi tó wà nínú ẹ̀ ò jẹ́ kí a rí ìsàlẹ̀ gbẹ́. A gbé ẹ̀ńjìnnì sẹ́nu kànga, kò lè fa omi, ó jìnnà sí i. Onílé ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń wo aago. Láyí ní kí a to pákó sí àárín kànga, kí a sọ ẹ̀ńjìnnì kalẹ̀ sórí ẹ̀, á wá lè fà á.

Mo ní, "Láyí, nǹkan yìí ń rú èéfín."

Ó ní, "Wòlíì, ẹ̀rù ẹ tún ti dé. Ṣé odó ni?"

Fẹ́mi rẹ́rìn-ín. Onílé rẹ́rìn-ín. Mo dákẹ́, nítorí ta ló fẹ́ kí wọ́n tún fi odó yẹn pe òun?

A sọ ẹ̀ńjìnnì kalẹ̀, ó ń dún, omi ń jáde, inú onílé ń dùn. Ó wá ku díẹ̀, omi dúró. Láyí ní páìpù ló ká. Ó fẹsẹ̀ tẹ àwọn ihò tí a gbẹ́ sára ògiri kànga, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ní, "Okùn!" Ó ní, "Páìpù ni mo fẹ́ tọ́, kì í ṣe ìrìn àjò." Ó ń lọ, ó ń bú Fẹ́mi bó ṣe máa ń ṣe: "Fẹ́mi, wo bó o ṣe yanu, bí ẹni tí wọ́n ní kó..."

Èébú ọ̀hún ò parí. A ń dúró de ìyókù rẹ̀. A gbọ́ tí nǹkan bọ́ sómi.

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ kígbe. Mo mọ̀ pé Fẹ́mi ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú kànga, mo sì ti dì mọ́ ọn níbàdí, mo fi gbogbo ara mi fà á ṣubú. Ó ń gbá mi. Mo ń kígbe pé kí wọ́n fa ẹ̀ńjìnnì sókè, kí wọ́n ṣẹ́ ewé. Àwọn bíríkìlà tó ń bá onílé ṣiṣẹ́ fà á, wọ́n ṣẹ́ ewé, a bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Mo sọ àtùpà kalẹ̀. Ó kú. A tún rò ó. Àtùpà tún kú.

Fẹ́mi ń sunkún, "Ẹ ń fi iná ṣeré, ẹ̀gbọ́n mi ń kú!"

Onílé ní, "Wòlíì, níbo ni ìgbàgbọ́ yín wà? Ẹ wọlé!"

Ara mi fẹ́ sá lọ, mo sì fẹ́ fò wọlé, mi ò ṣe èyíkéyìí, ewé ni mo ń jù tí mo ń fà. Nígbà tí àtùpà wá jó, mo so okùn, mo wọlé, mo ń kọrin yẹn. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mo ti mọ̀ pé ẹni tí mo ń kọ ọ́ fún ò gbọ́ mọ́. Mo so Láyí mọ́ra mi, wọ́n fa àwa méjèèjì jáde. Èmi nìkan ni mo ń mí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wàásù níbi ìsìnkú rẹ̀, kò mọ Láyí, kò sì mọ kànga. Ó ní ìgbàgbọ́ máa ń lé ẹ̀rù jáde. Ó ń wo èmi. Mo fẹ́ dìde kí n sọ fún un pé bí kì í bá ṣe ẹ̀rù ni, òkú tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni ì bá máa wàásù lé lórí, bóyá tèmi náà á tún wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Fẹ́mi ti dìde. Ó ní, "Ẹ̀rù ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rù Wòlíì." Ó jáde.

Láti ọjọ́ náà, Fẹ́mi ò kí mi mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìsinsìnyí lè máa wò ó pé kí ló wà níbẹ̀. Ní tiwa, kí àbúrò má kí ẹ̀gbọ́n, ó burú ju kó gbá a létí lọ. Bí a bá pàdé ní Ẹnuwá, á yíjú sí ògiri ààfin, á máa wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó wá kùn ún lọ́dà. Mo máa ń fẹ́ pè é. Mo máa ń fẹ́ bi í pé, "Fẹ́mi, ṣé kí n jẹ́ kó o kú ni?" Kí n tó la ẹnu, ó ti lọ.

Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo lọ ń ru pákó. Ìyàwó mi, Ìyá Délé, ló ń gbọ́ bùkátà ilé, kò ráhùn, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ìjọ ò sì fi mí lọ́rùn sílẹ̀, wọ́n ní kí n máa dúró ṣàdúrà fún àwọn ẹlòmíràn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi àti Ọlọ́run ò bára wa sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Màá dìde, màá ní, "Olúwa, O rí wọn. Àmín." Wọ́n á ní, "Ẹ wo bí Wòlíì ṣe jinlẹ̀!"

Bàbá Rábíù ló wá bá mi nílé. Ó ti darúgbó, ọmọ rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ wá. Ó jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé mi.

"Wọ́n ní o ò ṣiṣẹ́ mọ́."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Ọ̀gá."

"Ìgbà wo ni kò bà ọ́ rí? Ọjọ́ tí mo wá mú ọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ, orúnkún rẹ ń gbá ara wọn. Ìdí tí mo fi gbà ọ́ nìyẹn. Ẹni tí ẹ̀rù ò bà, mi kì í gbà á síṣẹ́. Láyí nìkan ni mo gbà nínú wọn, torí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín."

Omi bọ́ lójú Bàbá Rábíù, ẹni tí mo ti rò pé òkúta ni wọ́n fi gbẹ́. Ó nù ún, ó bú mi fún wíwò tí mo ń wò ó. Ó wá ní, "Ọlọ́run fún ọ ní ohun kan, o wá ń gbààwẹ̀ kó gbà á padà. Ẹ̀rù yẹn ni alùbáríkà rẹ, olódo! Gbé dígà rẹ."

Ẹ wò ó. Gbogbo ọdún tí mo fi jókòó ní ìjọ, Mùsùlùmí ló wá wàásù fún mi lórí àpótí, kò sì gba ọrẹ.

Mo padà síṣẹ́. Ṣùgbọ́n orin ò padà. Mo wá ń mú agolo mílíìkì kan dání, mo ń fi èèkù dígà lù ú kí àwọn tó wà lókè mọ̀ pé mo wà. Àwọn èèyàn ní kí ló dé tí Wòlíì ò kọrin mọ́. Mo ní ikọ́ ni. Ikọ́ ọlọ́dún gbọọrọ.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo ti rí ohun kan tí orin mi ò jẹ́ kí n rí tẹ́lẹ̀. Omi kì í pariwo bó bá ń bọ̀. Ilẹ̀ á kọ́kọ́ làágùn ni. Ìwọ á rò pé òógùn ọwọ́ rẹ ló kán sára amọ̀. O nù ún, ó tún yọ. O dúró, o ò ṣe nǹkan kan, ó sì ń bọ̀. Èmi àti Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀ sí í bára wa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kó mú ẹ̀rù kúrò mọ́. Mo ní kó ṣáà wà níbẹ̀ tí ẹ̀rù náà bá dé. Fẹ́mi nìkan ló kù. Mo bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí ọmọ náà kí mi lẹ́ẹ̀kan kí n tó kú. Mi ò tọrọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn onímọ́tò bóhóólù wá gba ìlú. Ẹ̀rọ wọn á ké láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti kó ẹrù wọn. Ẹnikẹ́ni ò wọ inú ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bèèrè ibi tí wọ́n sin bàbá sí. Mi ò bá wọn jà. Ẹni tí kò wọlé ò lè kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ráhùn díẹ̀, àgbà ni mí. Eékún mi fẹ̀yìn tì, èmi náà sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá ni Ìyá Délé wọlé, ó ní ẹnìkan wà níta tí kò kí òun dáadáa. Mo jáde. Fẹ́mi ni. Irun rẹ̀ ti funfun. Ara ògiri mi ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Kànga mi ti gbẹ."

"Pẹ̀lẹ́."

"Àwọn onímọ́tò gbẹ́ bóhóólù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọn ò rí omi."

"Pẹ̀lẹ́ o."

"Mo wá àwọn tó ń fọwọ́ gbẹ́ ẹ." Ó fi èékánná ha ara ògiri. "Wọ́n ní àwọn máa sọ ẹ̀ńjìnnì kalẹ̀ sínú ẹ̀."

Mo gbé àpótí kan síwájú rẹ̀, kò jókòó.

"Mo lé wọn. Mi ò lè dúró lẹ́nu kànga tí ẹ̀ńjìnnì wà nínú ẹ̀."

Ìyá Délé ti ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá Délé, ẹ ò ní ṣe é. Ẹ ò lè gun àkàsọ̀, kànga lẹ fẹ́ wọ̀?" Òótọ́ ló sọ. Mo lọ gbé dígà mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí òun fúnra rẹ̀ gbé e pamọ́ sí.

Nígbà tí mo fi máa dé ilé Fẹ́mi, ó ti ṣẹ́ ewé kalẹ̀ tó fi lè bo àgọ́. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló ń jù ú sínú kànga tó ń fà á, òógùn bò ó. Ó sọ àtùpà kalẹ̀, ó jó. Ó fà á jáde, ó tún ro afẹ́fẹ́, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, ó jó.

Mo ní, "Ó ti tó."

Ó ní, "Kò tíì tó."

Èmi ẹlẹ́rù ni mò ń bẹ̀ ẹ́ pé ó tó! Ó so okùn mọ́ mi lábẹ́ apá, ó fún un débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè mí, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì tó ti di géńdé sì sọ mí kalẹ̀.

Mo dé ìsàlẹ̀. Ojú ọ̀run ti di àwo ìmumi. Ẹ̀rù bà mí bí ọjọ́ àkọ́kọ́, kò tíì gbó rárá. Mo mú agolo, mo lù ú.

"Kí lẹ ń lù?"

Mo tún lù ú.

"Mi ò gbọ́ èdè agolo! Ẹ sọ̀rọ̀!" Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹ sọ̀rọ̀, ẹ má dákẹ́ mọ́ mi lórí!"

Mo la ẹnu. Kò sí ohunkóhun. Ìgbà tí mo kọrin kẹ́yìn nínú kànga, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo ń lọ bá. Okùn ti ń fà mí lábẹ́ apá, Fẹ́mi fẹ́ fà mí jáde. Ó wá dúró. Mo gbọ́ tí ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ orin lókè, ohùn rẹ̀ dà bíi ti òbúkọ tó jẹ iyọ̀:

"Olúwa, mo wà nísàlẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé mi. Okùn wà lọ́wọ́ Rẹ, èmi wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn..."

Kí ló ń kọ? Èmi wà lọ́wọ́ ta? Ó ti da orin mi rú, ó gbé e gba ọ̀nà tí kò sí orin kankan níbẹ̀, ó tún ń fi igbe gùn ún. Inú bí mi. Kí n tó mọ̀, mo ti ké mọ́ ọn:

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́, Fẹ́mi!"

Kànga gbé e dé òkè.

Ó ní, "Ẹ kọ́ mi nígbà náà." Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí nǹkan wó lulẹ̀ lẹ́nu kànga, iyanrìn sì bọ́ sí mi lójú. Àgbàlagbà tó ti hewú dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ihò, okùn mi lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀ọ̀dá Bọ̀dé. Ẹ kú iṣẹ́ látọjọ́ yìí."

Mo kọ ọ́. Mo kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń gbà á lókè, ó sì ń ṣì í. A ń jà lórí ẹ̀ títí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

Ìbùkún, o ní kí n sọ ìgbà tí mo gbọ́ ìpè Ọlọ́run. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo pè é títí láti inú ihò, mo sì mọ ohùn tó fi dá mi lóhùn. Ó há, ó ń gbọ̀n, kò sì mọ orin kọ rárá.